James Murray Spangler: Agbálẹ̀ tí ó Ṣẹ́gun Eruku

Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Òwe yìí ṣe wẹ́kú fún ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe jagunjagun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Agbálẹ̀ ni ó jẹ́ nígbà tí ó ṣe ohun tí a fi ń rántí rẹ̀, eruku tí ó sì ń gbá lójoojúmọ́ ni ó ń dí i ní èémí. Ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ eruku náà ni ó di ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ oníná tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé káàkiri ayé lónìí, èyí tí a ń pè ní fákúùmù. Orúkọ ọkùnrin náà ni James Murray Spangler.

Ọjọ́ 20, oṣù kọkànlá, ọdún 1848 ni a bí Spangler ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ Ohio, tí ó bá Pennsylvania pààlà, ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni apá ibẹ̀ ní ìgbà náà. Oko ọkà àti pápá koríko ẹran ni ó pọ̀ níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ a sì máa wá irinṣẹ́ tí yóò dín làálàá wọn kù. Spangler ní aya, ó sì ní ọmọ láti bọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára ẹ̀rọ ṣíṣe.

Ní ọdún 1887 ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ kan tí a fi ń kórè ọkà. Irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni ìjọba fi ń jẹ́rìí ẹni tí ó kọ́kọ́ ro èrò kan jáde, kí ẹlòmíràn má baà mú un lò láìgba ìyọ̀ǹda. Ní ọdún 1893 ó tún gba òmíràn lórí ẹ̀rọ tí ń wa koríko gbígbẹ jọ, tí ó sì ń tú u ká kí oòrùn lè rí i sá dáradára. Ní ọdún 1897 ó gba ẹ̀kẹta lórí irú kẹ̀kẹ́ kan tí a ń fi ẹsẹ̀ wà. Èrò mẹ́ta, ìwé àṣẹ mẹ́ta. Síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ ọ́ di olówó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbá ti jáwọ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì gbà pé àwọn kò ní oríire nínú iṣẹ́ náà.

Nígbà tí yóò fi di ọdún 1907, Spangler ti ń sún mọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún. Ọjọ́ orí tí ó yẹ kí ènìyàn máa fara balẹ̀ sinmi ni ó wà, ṣùgbọ́n àìní kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó gba iṣẹ́ agbálẹ̀ ní ilé ìtajà ńlá kan tí a ń pè ní Zollinger ní ìlú Canton, ní Ohio. Kápẹ́ẹ̀tì ni a tẹ́ sí ilẹ̀ ilé ìtajà náà, òun ni ó sì gbọ́dọ̀ rí i pé wọ́n mọ́. Ohun tí ó ń lò ni àpótí pẹlẹbẹ kan tí ó ní búrọ́ọ̀ṣì àti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lábẹ́, tí a ń fi ọ̀pá tì lọ tì bọ̀. Bí búrọ́ọ̀ṣì náà bá ti ń yí, a máa gbá ìdọ̀tí tí ó tóbi sínú àpótí, ṣùgbọ́n eruku tí ó kúnná a máa fò sókè, a sì máa rá bàbà nínú afẹ́fẹ́ bí ìkùukùu.

Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, èyí kì í ju pé kí ó sín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Fún Spangler, ọ̀ràn náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó ní ikọ́ fée. Bí ikọ́ yìí bá gbé ènìyàn, àwọn ọ̀nà tóóró tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró a máa wú, a sì máa fún. Èémí a di ohun tí a ń fi agbára fà, àyà a sì máa dún fée, fée. Eruku jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ń jí ikọ́ náà dìde. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ó ń fún Spangler ní oúnjẹ ni ó tún ń gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ebi ń dúró dè é. Bí kò bá fi í sílẹ̀, ikọ́ ń dúró dè é. Láàárín ewu méjèèjì yìí ni èrò ẹ̀rọ náà ti wá sí i lọ́kàn.

Kí a tó sọ bí ó ti ṣe é, ó yẹ kí a mọ̀ pé kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ronú pé a lè fi afẹ́fẹ́ fa eruku. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hubert Cecil Booth ti rí ẹ̀rọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń fẹ́ eruku kúrò lórí nǹkan. Ó wòye pé fífẹ́ kò lérè, nítorí pé eruku tí a fẹ́ kúrò níhìn-ín yóò padà bà sí ọ̀hún. Fífà ni ó yẹ kí a máa fà á. Ó fi aṣọ ìnujú lé orí ìjókòó àga kan, ó fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀, ó sì rí i pé eruku lẹ̀ mọ́ abẹ́ aṣọ náà. Ní ọdún 1901 ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ní ọdún 1902, nígbà tí a fẹ́ dé Ọba Edward Keje ládé, ẹ̀rọ Booth ni a fi fa eruku inú kápẹ́ẹ̀tì ilé ìjọsìn Westminster Abbey. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹṣin ni ó ń fà á kiri. Ìta ni ó máa ń dúró sí, tí a ó sì na ọ̀pá rọ́bà gígùn gba ojú fèrèsé wọ inú ilé. Ilé àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan ni irú rẹ̀ lè dé. Kò lè ran agbálẹ̀ tí ó dá wà nínú ilé ìtajà ní Canton lọ́wọ́.

Ohun tí Spangler ń fẹ́ ni ẹ̀rọ tí ẹnì kan ṣoṣo, tí àyà rẹ̀ kò sì le, lè máa fi ọwọ́ tì. Kò ní owó láti ra irin olówó iyebíye, nítorí náà ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ ni ó kó jọ. Ó mú àpótí ọṣẹ, ó mú ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń fi iná mànàmáná yí fáànù, ó mú ọ̀pá ìgbálẹ̀, ó sì mú àpò ìrọ̀rí. Àpótí ni ó fi ṣe ara ẹ̀rọ. Ó fi ẹ́ńjìnnì àti fáànù sínú rẹ̀, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì tí ń yí sí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀pá ìgbálẹ̀ ni ó fi ṣe ọwọ́ tí a ó máa dì mú, ó sì so àpò ìrọ̀rí mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ni. Búrọ́ọ̀ṣì ń yí, ó ń tú eruku tí ó ti há sínú irun kápẹ́ẹ̀tì. Fáànù ń fa afẹ́fẹ́ láti ẹnu àpótí, afẹ́fẹ́ náà sì ń gbé eruku dání wọlé. Láti ibẹ̀, afẹ́fẹ́ àti eruku jọ ń lọ sínú àpò. Aṣọ àpò a máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ojú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n a máa dá eruku dúró, gẹ́gẹ́ bí asẹ́ ti ń jẹ́ kí omi ògì kọjá tí ó sì ń dá èérí dúró. Eruku tí ó ti máa ń fò lọ sí imú Spangler wá di ohun tí a dè mọ́ inú àpò. Àwọn tí ó rí ẹ̀rọ náà lè ti fi ìrísí rẹ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí kò lẹ́wà rárá. Ṣùgbọ́n ó ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Spangler tún un ṣe títí ó fi dára sí i, ó sì béèrè fún ìwé àṣẹ. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹfà, ọdún 1908, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 889,823. Ẹni ọdún 59 ni nígbà náà. Ó dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ to àwọn ẹ̀rọ náà jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni ìṣòro àtijọ́ tún ti yọjú: èrò wà, owó kò sí. Ẹni tí ó ní orí kò ní fìlà.

Obìnrin kan wà tí ó mọ̀ ọ́n, Susan Hoover ni orúkọ rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ náà gbá ilé ara rẹ̀, ó sì rí i pé ó dára. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀, William Henry Hoover. Ọkùnrin yìí ní ilé iṣẹ́ awọ ní ìlú New Berlin, tí kò jìnnà sí Canton; gàárì àti ìjánu ẹṣin ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ní àkókò náà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ ẹṣin, Hoover sì mọ̀ pé iṣẹ́ gàárì kò ní pẹ́ di ìgbàgbé. Òun ní owó, ó ní òṣìṣẹ́, ó sì ń wá èrò titun. Spangler ní èrò, kò sì ní owó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní ọdún 1908 Hoover ra ẹ̀tọ́ ìwé àṣẹ náà. Spangler kò sì lọ lọ́wọ́ òfo: ó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ó sì ń gba ìpín tirẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà.

Hoover mọ ọ̀nà òwò. Ní oṣù kejìlá ọdún 1908 ó polówó nínú ìwé ìròyìn pé ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ̀wé sí i lè lo ẹ̀rọ náà fún ọjọ́ mẹ́wàá láìsan owó. Bí ìwé àwọn ènìyàn bá sì ti dé, kì í fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí wọn ní tààrà. Ó máa ń wá ilé ìtajà kan tí a gbẹ́kẹ̀ lé ní ìlú wọn, a sì gba ibẹ̀ fi ẹ̀rọ náà lé oníbàárà lọ́wọ́. Báyìí ni ó ṣe rí àwọn alágbàtà káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Spangler kú ní ọjọ́ 22, oṣù kìíní, ọdún 1915, ní ẹni ọdún 66. Kò pẹ́ láyé tó láti rí i bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe tàn kálẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà gba orúkọ Hoover, orúkọ yìí sì gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ náà àti fún iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Orúkọ ẹni tí ó rà á ni ó gbayì. Orúkọ ẹni tí ó ṣe é fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Kò yẹ kí a bínú sí Hoover nítorí èyí, nítorí pé láìsí owó àti ọgbọ́n òwò rẹ̀, ẹ̀rọ náà ìbá lè kú sí Canton. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fún agbálẹ̀ náà ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé àṣẹ náà títí di òní.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, àpò ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń kó eruku sí. Àléébù àpò ni pé bí eruku bá ti dí ojú rẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í rí ọ̀nà gbà mọ́, ẹ̀rọ kì í sì lè fa nǹkan dáradára. Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ James Dyson bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà àbáyọ ní nǹkan bí ọdún 1978. Ẹ̀rọ àwòṣe 5,127 ni ó ṣe kí ó tó rí èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọdún 1993 ni ó sì tó bẹ̀rẹ̀ sí ta á ní orúkọ ara rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọgbọ́n tí ó lò dà bí ti ààjà tí a máa ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Afẹ́fẹ́ tí ó wọ inú ẹ̀rọ náà a máa yí bírí bírí. Bí ó ti ń yí, a máa ti eruku sí ẹ̀gbẹ́, eruku a sì já bọ́ sínú ife ńlá kan nísàlẹ̀. Asẹ́ kan ni ó ń mú èyí tí ó kúnná jù. Irú ẹ̀rọ tí kò ní àpò yìí ti wọ́pọ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni ó yẹ kí a ti rántí àyà Spangler. Eruku tí ó wà nínú ife kò tíì kúrò nínú ilé. Ó kàn ń dúró de ẹni tí yóò dà á nù ni. Ẹni tí ó bá ṣí ife náà láàárín yàrá, tí ó sì gbọ̀n ọ́n, ti dá gbogbo eruku padà sí imú ara rẹ̀ àti ti àwọn ará ilé. Nítorí náà ìta gbangba ni ó yẹ kí a gbé e lọ. Kí a fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, kí a sì dúró ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò fi gbé eruku lọ kúrò lọ́dọ̀ ẹni. Kí a ti ife náà wọnú àpò ọ̀rá dáadáa kí a tó ṣí i, kí eruku rọra dà sínú rẹ̀, kí a sì di ẹnu àpò náà. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí eruku kọjá ilà tí a fi sàmì sí ara ife. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ní ikọ́ fée, kí ẹlòmíràn bá a ṣe iṣẹ́ yìí.

Asẹ́ ẹ̀rọ náà ń fẹ́ ìtọ́jú pẹ̀lú, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́ tí eruku ń wọ inú ilé láìdúró. Bí ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá bá sọ pé a lè fọ asẹ́ náà, omi tútù nìkan ni kí a fi fọ̀ ọ́, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ délẹ̀. Odidi ọjọ́ kan kò pọ̀ jù fún un. Asẹ́ tútù lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, a kò sì gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ láìfi asẹ́ sí i. Irun àti òwú tí ó wé mọ́ búrọ́ọ̀ṣì ni kí a fi àlùmọ́gàjí gé kúrò. Bí ẹ̀rọ bá ń gbóná tí kò sì fa nǹkan mọ́, ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti há sí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Kí a pa á, kí ó tutù, kí a sì yọ ohun tí ó há.

Iná mànàmáná tí ó ran Spangler lọ́wọ́ lè ṣe ènìyàn léṣe. Kí a tó ṣí ibikíbi lára ẹ̀rọ, kí a kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára iná; orí púlọ́ọ̀gì ni kí a dì mú, kì í ṣe wáyà. Wáyà tí ó bó kò ṣeé lò, ọwọ́ tútù kò sì gbọdọ̀ kàn án. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí iná jẹ́ nǹkan bí fóltì 120, yóò jóná bí a bá kì í bọ iná tiwa, tí ó jẹ́ 230 sí 240. Bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, kí a pa ẹ̀rọ, kí a sì yọ ọ́, kí ó má baà dédé bẹ̀rẹ̀ sí yí nígbà tí iná bá dé, bóyá lọ́wọ́ ọmọdé.

A kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ gbígbẹ fa omi, èyí lè mú kí iná gbé ènìyàn. A kò gbọdọ̀ fi fa eérú gbígbóná tàbí ìdí sìgá tí iná wà lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ yóò fẹ́ ẹ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, eruku inú ife yóò sì gbiná. Ibi tí epo bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì bá dà sí, kí a má gbé e débẹ̀ rárá, nítorí iná ẹ́ńjìnnì lè ràn án. Ìṣó àti àfọ́kù gíláàsì, ọwọ́ àti ìgbálẹ̀ ni kí a fi ṣà wọ́n.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé kò sí iṣẹ́ tí ó kéré jù fún ọgbọ́n. Spangler kò fi ojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ agbálẹ̀. Inú rẹ̀ ni ó ti rí ohun tí àwọn ọlọ́lá kò rí. Ọjọ́ orí kò dá a dúró, ìjákulẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta kò sì dá a dúró. Èkejì ni pé ohun tí a ṣe láti gba ẹ̀mí là, ìlòkulò lè sọ ọ́ di ohun tí ń gba ẹ̀mí. Ẹni tí ó bá fẹ́ bu ọlá fún agbálẹ̀ ìlú Canton, kí ó gbá ilé rẹ̀ mọ́, kí ó da eruku síta, kí ó sì jẹ́ kí gbogbo ará ilé rẹ̀ rí afẹ́fẹ́ mímọ́ mí.

Àwọn Ìbéèrè

1. Àwọn ẹ̀rọ wo ni Spangler ti ṣe kí ó tó di agbálẹ̀ ní Canton?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀rọ Booth àti ti Spangler?
3. Ṣàlàyé bí òwe nípa ọwọ́ ọmọdé àti ti àgbàlagbà ṣe bá ọ̀ràn Spangler àti Hoover mu.
4. Kí ni ìdí tí kò fi yẹ kí a ṣí ife eruku láàárín yàrá?
5. Kọ àròkọ kan lórí iṣẹ́ ilé kan tí ń ni ènìyàn lára, kí o sì sọ bí ìwọ yóò ṣe mú un rọrùn.